Mo Sọ Pé Àpò Ìyá Kúdí Máa Ń Wúwo

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan sínú. Ìyàwó mi kò mọ̀. Ìyá mi kú láìmọ̀. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni èmi náà yóò ṣe kú, ṣùgbọ́n ní oṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan wá iṣẹ́ wá sí ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì dá a padà nítorí gbólóhùn kan tí mo sọ nígbà tó ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ara mi. Àwọn orúkọ tí mo lò níbí kì í ṣe orúkọ wọn gan-an. Kì í ṣe pé mo fẹ́ sá. Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ṣì wà láyé, àdúgbò kan náà sì ni gbogbo wa ń gbé.

Kọ́tà ni mí. Ẹni tó ń gé aṣọ kí àwọn télọ̀ tó rán an ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń rán yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ìsàlẹ̀ Mápó, tí ènìyàn bá ń lọ sí Bẹẹrẹ. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ni. Maṣíìnì mẹ́rìnlá wà ní òkè, tábìlì ìgéṣọ wà ní ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìwọlé àwọn ọmọ ilé ìwé bá ti kù díẹ̀, a kì í rí àyè mí.

Alhaja ló ni ilé iṣẹ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Alhaja jẹ́ sí mi, nítorí tí ẹ kò bá mọ ìyẹn, ẹ kò ní mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi le fún mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí bàbá mi kú. Alhaja kì í ṣe ẹbí wa. Wọ́n kàn mọ bàbá mi ní mọ́ṣáláṣí ni. Wọ́n mú mi sọ́dọ̀, wọ́n kọ́ mi níṣẹ́ yìí láti orí bí a ṣe ń di sísọ́ọ̀sì mú. Nígbà tí mo fẹ́ gbéyàwó, àwọn ni wọ́n kó ènìyàn lẹ́yìn lọ sí Bẹyẹrúnká lọ bá mi tọrọ rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi wà láyé, tí mo bá sọ pé "Màámi" nílé, ìyàwó mi á kọ́kọ́ bi mí pé èwo nínú àwọn méjèèjì.

Ìyá Kúdí ló ń gbálẹ̀ fún wa nígbà náà. Opó ni wọ́n. Ìsàlẹ̀ Òsì ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ọmọ wọn kan ṣoṣo, Kúdírátù. Ohun tí wọ́n ń gbà lóṣù kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n àdéhùn tó wà láàárín àwọn àti Alhaja ni pé gbogbo àgékù aṣọ tó bá bọ́ sílẹ̀, tiwọn ni. Wọ́n á ṣà á sínú àpò ńlá kan, wọ́n á sì gbé e rù lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́. Èyí tó bá fẹ̀ díẹ̀, wọ́n á rán an pọ̀ mọ́ra wọn, á di ohun tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ tuntun sí. Èyí tó bá wẹ́, wọ́n á fi ki ìrọ̀rí. Ọjà'ba ni wọ́n ti ń tà á. Iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ wọn.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, aṣọ wọ́n gógó. Àwọn ilé ìwé kò sì fẹ́ fi kún ohun tí wọ́n ń san. Alhaja pè mí, wọ́n ní aṣọ ń ṣòfò jù lọ́wọ́ wa, pé ìgàn tí àwọn ń rà ní Ògùnpa kì í mú iye síkẹ́ẹ̀tì tó yẹ kó mú jáde. Wọ́n ní kí n wádìí ibi tí aṣọ ń gbà lọ. Wọ́n ní tó bá ń lọ báyìí, àwọn á ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ náà, kí olúkúlùkù wá ọ̀nà ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà bà mí lẹ́rù. Èmi ni mò ń gé aṣọ. Tí aṣọ bá ń ṣòfò, ọwọ́ ta ni? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí mo lè dì í rù. Mo ní bóyá àwọn télọ̀ ń rán an bàjẹ́ ni. Mo ní bóyá àwọn tó ń tà á ń gé e kúrú ni. Mo wọn ìgàn méjì fúnra mi, kò dín rárá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn kan ti lọ kírun Àìlà, àwọn yòókù ti lọ jẹun. Èmi nìkan ló kù nídìí tábìlì. Ìyá Kúdí wọlé tàwọn ti àpò wọn. Wọ́n ní, "Ọ̀gá Kọ́tà, má bínú o. Mo fẹ́ fi nǹkan kan hàn ọ́."

Wọ́n da àgékù ọjọ́ náà sórí tábìlì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dá a padà sí ipò tó wà kí n tó gé e. Mo dúró, mò ń wò wọ́n. Nígbà tó yá, mo rí àyè àwọn síkẹ́ẹ̀tì tí mo ti gé kúrò. Ó ṣófo láàárín àgékù náà, bí ìgbà tí ènìyàn bá gé àwòrán kúrò nínú ìwé ìròyìn.

Síkẹ́ẹ̀tì tí à ń rán fún àwọn ọmọ ilé ìwé, ó máa ń tín-ín-rín níbi ìbàdí, ó sì máa ń fẹ̀ nísàlẹ̀. Bí mo ṣe máa ń tẹ́ pátánì lé aṣọ ni pé gbogbo ìbàdí á kọjú sí ibì kan náà. Bí Alhaja ṣe kọ́ mi nìyẹn, bí mo sì ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín síkẹ́ẹ̀tì kan àti èkejì, aṣọ kan máa ń ṣẹ́kù tó fẹ̀ lókè, tó ṣóńṣó nísàlẹ̀. Kò wúlò fún nǹkan kan. Ilẹ̀ ni mò ń jù ú sí.

Ìyá Kúdí mú irú rẹ̀ mẹ́fà jáde nínú àgékù náà, wọ́n tò wọ́n léra. Kò sí èyí tó yàtọ̀ nínú wọn.

Wọ́n ní, "Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ṣà á, bó ṣe máa ń rí nìyí. Dorí síkẹ́ẹ̀tì kan kodò, kí o jẹ́ kí èyí tó tẹ̀ lé e nàró. Èyí tó fẹ̀ lára ọ̀kan á bọ́ síbi tó tín-ín-rín lára èkejì. Àyè yìí ò ní sí mọ́."

Wọ́n tún fi hàn mí pé pọ́kẹ́ẹ̀tì àti bẹ́líìtì tí mo máa ń ya aṣọ tuntun sọ́tọ̀ fún, ó lè jáde láti ẹ̀gbẹ́ aṣọ tí mò ń gé dànù. Wọ́n ní kìkì aṣọ onílà-ilà ni kò ní gbà á, torí pé ilà rẹ̀ kò ní bára mu. Wọ́n ti ro gbogbo rẹ̀ tán.

Ojú tì mí. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀, síbẹ̀ ojú tì mí. Ó ti pé ọdún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń gé aṣọ, ẹni tí kò gé aṣọ rí ló wá ń fi àṣìṣe mi hàn mí. Mo wá bi wọ́n pé tí aṣọ kò bá ṣòfò mọ́, kí ni wọ́n á máa gbé lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́?

Wọ́n ní, "Mo ti rò ó. Ó máa dín. Ṣùgbọ́n tí Alhaja bá ti ibí pa, n ò ní rí ọ̀kan ṣà rárá."

Wọ́n kó àgékù wọn padà sínú àpò, wọ́n sì gun òkè lọ gbálẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbìyànjú rẹ̀ wò. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà rẹ̀, mo pa á rẹ́, mo tún un fà. Nígbà tí mo gé ìgàn àkọ́kọ́ tán, síkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló lé sí iye tí a máa ń rí. Mo gé ìkejì, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. A kò sì ya aṣọ kankan sọ́tọ̀ fún pọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, Alhaja fúnra wọn sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tábìlì. Wọ́n wo aṣọ tó wà nílẹ̀, wọ́n wo èmi náà. Wọ́n bi mí pé ta ló kọ́ mi.

Mo ní, "Mo jókòó rò ó ni, Alhaja."

Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀ kí n tó sọ ọ́. Ó kàn jáde ni. Alhaja pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, pé èmi ni mo gba iṣẹ́ gbogbo wọn là. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Kúdí wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, wọ́n fi ìgbálẹ̀ sí abíyá, àwọn náà pàtẹ́wọ́. Wọ́n ń wò mí. Kì í ṣe ìwò burúkú. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń dúró kí ẹnìkan parí ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Mo ní nínú ara mi pé tí ariwo bá rọlẹ̀, màá sọ fún Alhaja.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn, Alhaja pè mí sí yàrá wọn lókè. Wọ́n ti ń ro nǹkan kan. Wọ́n ní tí aṣọ bá lè tó báyìí, níbo ló ń lọ tẹ́lẹ̀?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Ìdáhùn rẹ̀ wà lẹ́nu mi. Kí n sọ pé èmi ni mi ò mọ pátánì tẹ́. Kò ju ìyẹn lọ. Alhaja ì bá bínú díẹ̀, wọ́n ì bá tún rẹ́rìn-ín, nítorí àwọn náà ni wọ́n kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwọn télọ̀ tí kì í kí mi tẹ́lẹ̀ ti ń pè mí ní ọ̀gá. Mo dákẹ́.

Alhaja ní, "Àbí Ìyá Kúdí ń ki aṣọ gidi sáàárín àgékù ni?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀ o, Alhaja. Ṣùgbọ́n àpò wọn máa ń wúwo."

Gbogbo ohun tí mo sọ nìyẹn. Fún ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń sọ fún ara mi pé mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Òótọ́ ni, mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè. Mo mọ ohun tí mò ń sọ nígbà tí mo ń sọ ọ́. Mo sì mọ ìdí rẹ̀. Tí Ìyá Kúdí bá wà níbẹ̀, ní ọjọ́ kan wọ́n lè sọ fún Alhaja pé àwọn ni wọ́n fi ọ̀nà náà hàn mí. Tí wọn kò bá sí níbẹ̀ mọ́, kò sí ẹni tó máa sọ ọ́.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ náà, Alhaja ní kí Ìyá Kúdí máa lọ. Wọn kò bá wọn jà. Wọ́n kàn sọ pé àgékù kò pọ̀ mọ́, pé àwọn télọ̀ á máa pín ilẹ̀ gbá láàárín ara wọn. Ìyá Kúdí dúpẹ́, wọ́n kó ṣálúbàtà wọn àti abọ́ tí wọ́n fi ń jẹun. Èmi ni mo gbé àpò tó kẹ́yìn rù wọ́n. Ó fúyẹ́.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí. Ọ̀kan nínú àwọn télọ̀ wà lórí àtẹ̀gùn nígbà tí èmi àti Alhaja ń sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Kí oṣù tó parí, ọ̀rọ̀ ti dé Ìsàlẹ̀ Òsì. Ìyá Kúdí ni wọ́n ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ yàrá tí ẹgbẹ́ àsàlátù wọn ń kó ìkòkò àti ẹní sí. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò sọ ìdí rẹ̀. Ìyá Kúdí lọ bẹ àwọn télọ̀ ní Oríta-mẹ́rin pé kí wọ́n máa fún àwọn ní àgékù, àwọn yẹn ní àwọn ti ń sun tàwọn níná. Irọ́ ni. Mo mọ méjì nínú wọn, ẹ̀bá gọ́tà ni wọ́n ń dà á sí.

Bí ìrọ̀rí títà ṣe dópin nìyẹn. Ìyá Kúdí bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ènìyàn fọ aṣọ. Mo gbọ́ pé Kúdírátù jókòó sílé fún odindi ọdún kan kó tó padà sí ilé ìwé.

Ní tèmi, nǹkan ń lọ sókè. Alhaja fi mí ṣe olórí gbogbo ilé iṣẹ́. Àwọn tó ń ranṣọ ní àdúgbò mìíràn wá kọ́ bí a ṣe ń tẹ́ pátánì tí aṣọ kì í fi í ṣòfò. Mo kọ́ wọn. Wọ́n ń pè é ní ọ̀nà tèmi. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ sọ pé Ọlọ́run ló fi ọgbọ́n náà sí mi lórí, mo ní àmín.

Tí èmi àti Ìyá Kúdí bá pàdé ní Ọjà'ba, wọ́n á kí mi. Wọ́n á béèrè àwọn ọmọ mi, wọ́n á dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni màá sọ pé mò ń kánjú.

Ní oṣù tó kọjá ni Kúdírátù wá. Mi ò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ó ti dàgbà. Ó ti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán tán, ó sì mú pinafọ́ọ̀ kan wá tó rán fúnra rẹ̀. Mo yí inú aṣọ náà síta, mo wo ojú ìrán rẹ̀. Nínú àwọn tó wà lórí maṣíìnì lókè, bóyá ènìyàn méjì ló lè rán irú rẹ̀. Mo ti fẹ́ sọ fún un pé kó wá bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Alhaja wọlé. Wọn kì í sábà wá mọ́ nítorí orúnkún wọn, ṣùgbọ́n wọ́n wá lọ́jọ́ náà. Wọ́n bi ọmọ náà pé ọmọ ta ni, láti agbo ilé wo. Ó sọ ọ́.

Ojú Alhaja yí padà. Wọ́n ní kò sí àyè. Wọn kò tún wo pinafọ́ọ̀ náà.

Ọmọ náà ká aṣọ rẹ̀, ó fi í sínú ọ̀rá. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Màámi ti sọ fún mi kí n má wá síbí, èmi ni mi ò gbọ́."

Mo padà sídìí tábìlì.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, mo lọ sí Ìsàlẹ̀ Òsì lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Mo bá Ìyá Kúdí lẹ́yìn ilé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo dọ̀bálẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, mo ní rárá, kí wọ́n jẹ́ kí n sọ tẹnu mi ná. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ ti àtẹ́wọ́, mo sọ ohun tí mo sọ nípa àpò. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Nígbà tí wọ́n ṣà á tán, wọ́n gbé àwo náà sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Inú oṣù yẹn náà ni mo ti gbọ́. Mo fẹ́ wá bá ọ jà. Mo tún ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, o máa wá fúnra ẹ. Mi ò mọ̀ pé ó máa pẹ́ tó báyìí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n ní àwọn kọ́ ni mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún. Kí n lọ sọ òótọ́ fún Alhaja, kí òótọ́ náà sì dé etí àwọn òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ti àkọ́kọ́. Wọ́n ní tí mo bá ṣe ìyẹn tán, kí n padà wá bẹ àwọn.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo lọ bá Alhaja nílé. Mo ti gbà pé wọ́n máa lé mi kúrò níbi iṣẹ́. Mo ti ń ro ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Alhaja kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń kà á lọ. Nígbà tí mo parí, wọ́n ká tẹ̀sùbáà náà mọ́ ọwọ́ wọn.

Wọ́n ní, "Mo tú àpò yẹn wò."

Mi ò kọ́kọ́ lóye. Wọ́n wá ṣàlàyé. Ní ọjọ́ kejì tí mo sọ̀rọ̀ náà, nígbà tí Ìyá Kúdí lọ ṣe àlùwàlá, Alhaja sọ̀ kalẹ̀, wọ́n da gbogbo ohun tó wà nínú àpò náà sílẹ̀. Àgékù lásán ni. Wọ́n ní kò sí èyí tó fẹ̀ tó áńkáṣíìfù ọmọdé níbẹ̀. Wọ́n kó o padà, wọ́n sì gun òkè lọ.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi ní kí ìyá náà máa lọ nígbà náà.

Wọ́n ní, "Ìwọ ni mo ní. Tí mo bá pè ọ́ ní onírọ́ níwájú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún ọ, ṣé wàá dúró? Ta ló máa bá mi gé aṣọ? Ẹni tó máa gbálẹ̀ ò wọ́n."

Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ bí ọjà ṣe rí. Lẹ́yìn náà ni ohùn wọn yí padà. Wọ́n ní kì í ṣe pé àwọn kórìíra ọmọ náà tí àwọn fi dá a padà. Wọ́n ní àwọn kò lè máa rí ojú rẹ̀ lójoojúmọ́ ni, ó jọ ìyá rẹ̀ jù.

Mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi. Mo ti rò pé èmi nìkan ni mo gbé ẹrù yìí. Ó yẹ kó fúyẹ́ nígbà tí mo gbọ́ pé a jọ gbé e ni, ṣùgbọ́n ó tún wúwo sí i.

Alhaja ní kí Kúdírátù wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ní àwọn á fún un ní maṣíìnì tó dára jù. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ yòókù dúró sáàárín èmi àti àwọn. Ìyá Àdínì ni Alhaja ní mọ́ṣáláṣí wọn, àwọn obìnrin ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ wọn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí àwọn ọmọ àwọn gbọ́ pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ sí opó. Wọ́n di ọwọ́ mi mú. Ẹ jọ̀ọ́, Alhaja kò bẹ̀ mí rí láyé mi.

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà fún Ìyá Kúdí. Mo ní Alhaja ti gbọ́, inú wọn kò sì dùn sí ohun tó ṣẹlẹ̀, kí Kúdírátù wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mi ò sọ pé Alhaja tú àpò náà wò. Mo fi ìyẹn pa mọ́. Ẹ wò ó, ibi tí mo ti lọ jẹ́wọ́ ìwà àtijọ́ ni mo tún ti fi nǹkan mìíràn pa mọ́.

Ìyá Kúdí ní, "Iṣẹ́ ọmọ mi kọ́ ni mo ní kí o lọ tọrọ."

Kúdírátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Mo rí ojú rẹ̀. Ó fẹ́ iṣẹ́ náà. Ó la ẹnu, ìyá rẹ̀ wò ó, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Ìyá rẹ̀ ní kò ní gun àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ yẹn títí àwọn tó gbọ́ pé olè ni ìyá rẹ̀ á fi gbọ́ pé kì í ṣe olè. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun. Mi ò tíì jẹun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró nìyí. Maṣíìnì kan ṣófo lókè. Alhaja ń bi mí kí ló dé tí ọmọ náà kò tíì wá. Nínú àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà náà, mẹ́fà ló kù. Mo lè pè wọ́n jọ lọ́la, kí n sọ tèmi fún wọn: pé Ìyá Kúdí ló mọ ọ̀nà tí a fi ń gé aṣọ, pé mo jí i, pé ohun tí mo sọ nípa àpò wọn kì í ṣe òótọ́. Mo ti múra tán láti sọ ìyẹn, kódà tí wọn kò bá kí mi mọ́.

Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́, àwọn òṣìṣẹ́ náà á lọ bá Alhaja. Wọ́n á bi wọ́n pé ṣé wọn kò yẹ àpò náà wò ni? Yálà Alhaja á parọ́ lójú gbogbo ènìyàn, tàbí kí wọ́n sọ òótọ́, kí orúkọ wọn sì bàjẹ́ ní ọjọ́ ogbó wọn. Ẹni tó mú mi sọ́dọ̀ nígbà tí mi ò ní bàbá ni. Tí mi ò bá sì sọ ọ́, ọmọ yẹn á máa jókòó sílé, ìyá rẹ̀ á sì máa gba iwájú àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kọjá gẹ́gẹ́ bí olè.

Mo ti gbàdúrà sí i. Mo ti bi Lèmọ́mù kan láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, wọ́n ní kí n ṣe sùúrù. Mi ò mọ̀ bóyá sùúrù ni àbí ojo.

Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Ìyá Kúdí ló ni ìyẹn, wọn kò sì tíì fún mi. Ìmọ̀ràn ni mo ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìbínú dá mi lóhùn. Ẹ bá mi rò ó bí ẹni pé nínú ilé yín ló ti ṣẹlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé Ìyá Kúdí ló bí yín, kí ni ẹ ó ní kí n ṣe? Tó bá sì jẹ́ pé Alhaja ló bí yín ńkọ́?